Òǹkà Ọkàn Mi Títí Di Ọjọ́ Dókítà

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta

Àárọ̀: 41. Ìrọ̀lẹ́: 42.

Nọ́ọ̀sì ló ní kí n máa kọ ọ́. Láàárọ̀, kí n tó dìde lórí ibùsùn, àti nírọ̀lẹ́, kí n tó jẹun, kí n fi ìka méjì sọ́rùn ọwọ́, kí n ka bí ọkàn mi ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí n sì kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Tí òòyì bá kọ́ mi, kí n kọ ọ́. Tí ojú mi bá ṣókùnkùn, kí n kọ ọ́. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí ni dókítà ọkàn fẹ́ rí mi ní ọsibítù ńlá, ìwé òǹkà ló sì máa kọ́kọ́ béèrè. Nọ́ọ̀sì ní ọkàn àwọn èèyàn yòókù máa ń lù tó ọgọ́ta sókè. Tèmi, ogójì ó lé díẹ̀.

Mo ní, "Nọ́ọ̀sì, ọkàn tó ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún méjìdínláàádọ́rin, ṣé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rọra rìn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín.

Tí wọ́n bá ti ní kí n kọ̀wé, màá kọ ọ́ dáadáa. Òǹkà nìkan ni màá dà kọ sínú ìwé kékeré tí dókítà máa rí; ìyókù, inú ìwé tèmi yìí ló máa wà. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, ṣùgbọ́n ẹ rin àdúgbò yìí já, ẹ ka géètì tí kò ti ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà mi jáde. Ìka ọwọ́ kan máa tó yín kà. Ẹni tí kò bá mọ Bàbá Onírin, àlejò ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ karùn-ún

Àárọ̀: 40. Ìrọ̀lẹ́: 43.

Lẹ́tà ọsibítù dé. Ojú ewé mẹ́rin, lẹ́tà rẹ̀ wẹ́wẹ́ bí èèrà. Mo ṣì ń wá awò ojú mi nígbà tí ìyàwó mi já a gbà lọ́wọ́ mi, ó di òkè lọ́dọ̀ Tíṣà.

Tíṣà ni ayálégbé wa lókè. Ó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, kò sì ní iṣẹ́ kankan mọ́ ju kó ka ìwé ìròyìn, kó sì fọ bàtà funfun rẹ̀ lọ. Ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́ ló ń gbé. Irin àtẹ̀gùn tó ń dì mú gòkè, èmi ni mo jó o.

Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà náà, ó jókòó sórí àga mi, ó kà á fún wa.

"Ọ̀gá, wọ́n ní kẹ́ ẹ wọ ẹ̀wù tó rọrùn ún bọ́, nítorí wọ́n máa lẹ okùn mọ́ yín láyà. Wọ́n ní kẹ́ ẹ kó gbogbo oògùn tẹ́ ẹ̀ ń lò dání. Kẹ́ ẹ sì kọ ìbéèrè yín sílẹ̀, kẹ́ ẹ má baà dé'bẹ̀ kẹ́ ẹ gbàgbé."

Ìyàwó mi ń mi orí bí ẹni tó ń gbọ́ ìwàásù. Ó bu omi tútù fún un nínú ife gíláàsì tí a kì í lò.

Nígbà tó gòkè padà, ó ní, "Ọ̀rọ̀ mà ń dùn lẹ́nu Tíṣà o, Bàbá wọn."

Irin kì í sọ̀rọ̀, òun náà ló sì gbé ilé dúró.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Àárọ̀: 41. Ìrọ̀lẹ́: 41.

Tíṣà tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ní òun fẹ́ mọ bí òǹkà ṣe ń lọ. Ìyàwó mi fi ìwé òǹkà hàn án kí n tó là ẹnu. Ó wò ó, ó ní, "Họ́wù, ó ń fà díẹ̀ o." Ló bá fi ìka sọ́rùn ọwọ́ ara rẹ̀, ó tẹjú mọ́ aago, ètè rẹ̀ ń mì.

"Méjìléláàádọ́rin," ló wí, bí ẹni tí kò fẹ́ sọ ọ́.

"Méjìléláàádọ́rin!" Ìyàwó mi pa àtẹ́wọ́. "Ọkàn yín mà já fáfá o, Tíṣà."

Ọkàn tí kò gbé irin rí. Ọkàn tí kò gbé ju ṣọ́ọ̀kì lọ, kí ni ìbá ṣe é tí kò ní já fáfá? Ṣùgbọ́n mo rí bí obìnrin yẹn ṣe wò ó. Ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti fẹ́ ẹ, ìgbà tí mo jó géètì oníwúrà fún ilé ìfowópamọ́ nìkan ló wò mí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹjọ

Àárọ̀: 55. Ìrọ̀lẹ́: 57.

Mo ti rí ọ̀nà rẹ̀. Àtẹ̀gùn ilé wa jẹ́ méjìdínlógún. Mo gùn ún lẹ́ẹ̀mẹta ní kùtùkùtù, mo padà sórí ibùsùn, mo dùbúlẹ̀, mo kà á kí n tó dìde. Nọ́ọ̀sì ní kí n kà á kí n tó dìde lórí ibùsùn. Kò sọ ibi tí mo gbọ́dọ̀ ti dé kí n tó dùbúlẹ̀. Nítorí náà mi ò purọ́.

Mo gbé ìwé òǹkà kalẹ̀ síwájú ìyàwó mi. Ó wò ó, ó wò mí. Ó ní, "Ó ti gòkè." Kò pa àtẹ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá

Àárọ̀: 58. Ìrọ̀lẹ́: 60.

Òjò láti òwúrọ̀. Ọ̀pá wẹ́dà tún ti gbówó lórí, ẹni tó ń tà á ní kí n máa dúpẹ́ pé òun ní in. Géètì ilé ìkẹ́rùsí kan ni èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wà lórí rẹ̀ báyìí, ewé méjì, ìbú rẹ̀ tó mọ́tò ńlá méjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Wọ́n pe ẹlòmíràn sí i kí wọ́n tó pè mí, ó wò ó, ó sá.

Ọgọ́ta géérégé! Mo pariwo rẹ̀ sókè kí ẹni tó wà lókè lè gbọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá

Àárọ̀: 59. Ìrọ̀lẹ́: mi ò kà á.

Màá kọ ọ́ bí mo ṣe rí i. Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, iná ti lọ ní ṣọ́ọ̀bù, mo tètè wálé, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Ìyàwó mi àti Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, orúnkún kọjú sí orúnkún. Ìyàwó mi di Tíṣà lọ́wọ́ mú. Kì í ṣe bí ẹni tó ń kí èèyàn o. Ó dì í mú lọ́rùn ọwọ́, ó dijú, ó ń sọ nǹkan sínú. Tíṣà ń wo aago, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ọmọ tí wọ́n fún ní súìtì.

"Mélòó lẹ rí?" Tíṣà ló ń béèrè.

"Ó ti sá mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ n tún un ṣe."

"Ẹ má fi àtàǹpàkò ṣe é. Ìka méjì. Ẹ rọra."

Ẹ rọra! Mo wúkọ́. Tíṣà fò dìde.

"Ọ̀gá, ẹ káàbọ̀. Ẹ mà tètè dé lónìí."

"Ilé mi ni," mo wí. "Ìgbà tó bá wù mí ni mò ń dé."

Ìyàwó mi kò tiẹ̀ yára jọ̀wọ́ ọwọ́ náà. Ó ní, "Bàbá wọn, Tíṣà ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kà á ni."

"Ọkọ rẹ lára rẹ̀ kò yá, ọwọ́ ayálégbé lò ń kà. Ṣé ọwọ́ tèmi ti jóná ni?"

"Ẹ̀yin náà ha ń jẹ́ kí n di tiyín mú bí? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo béèrè lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo ìgbà lẹ ń sọ pé ẹ ti kà á."

Òótọ́ ni mo ti kà á. Mi ò lè jẹ́ kó kà á nígbà tí mi ò tíì gun àtẹ̀gùn.

Tíṣà ní òun fẹ́ lọ wo omi tí òun gbé kaná. Kò sí iná. Kò sí omi tó gbé kaná. Mo kàn jẹ́ kó lọ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá

Àárọ̀: 64.

Mi ò gun àtẹ̀gùn lónìí. Mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, mo kàn rántí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àná ni.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àárọ̀: 60. Ìrọ̀lẹ́: 59.

Àkọ́bí wa obìnrin pè lórí fóònù. Ìyá rẹ̀ ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ọ̀gá lọ́dọ̀ dókítà o. Ohun tó bá ń ṣe yín ni kẹ́ ẹ sọ." Mo ní ta ló ń ṣe ọ̀gá? Ó ní, "Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

Ní ọ̀sán, Tíṣà mú bébà kan wá tó kọ ìbéèrè mẹ́jọ sí fún dókítà. Lẹ́tà rẹ̀ tò bí ọmọ ilé ìwé tó ń lọ sí ìpàdé òwúrọ̀. Ìyàwó mi ká a, ó fi sínú àpò owó rẹ̀. Inú àpò owó rẹ̀! Mo gbà á jáde, mo fi ọwọ́ ara mi da gbogbo rẹ̀ kọ, ó gbà mí ní wákàtí kan àbọ̀, mo fa ti Tíṣà ya. Dókítà kò ní rí ọwọ́ ọkùnrin mìíràn lórí ọ̀rọ̀ ọkàn mi.

Ìbéèrè karùn-ún ni mi ò fẹ́ dà kọ. Tíṣà ló rí i nínú lẹ́tà ọsibítù: tí ọkàn bá ń fà jù, wọ́n lè fi ẹ̀rọ kékeré kan sábẹ́ awọ àyà, òun ni yóò máa ta ọkàn jí. Ó ní wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá ní ẹ̀rọ yẹn kò gbọ́dọ̀ jó irin mọ́, nítorí iná wẹ́dà lè dà á lórí rú.

Ó kà á tán, ó ká lẹ́tà náà. Lẹ́yìn náà Tíṣà ní, "Ṣùgbọ́n ìsinmi náà dára, Ọ̀gá. Èmi pàápàá, láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì..."

"Ẹ̀yin lẹ fẹ̀yìn tì," mo wí.

Àwa méjì ká máa fọ bàtà funfun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ìyàwó mi wá yan èyí tó já fáfá jù nínú wa. Láéláé. Àfi kí òǹkà mi má wálẹ̀ kúrò ní ọgọ́ta.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìdínlógún

Àárọ̀: 61. Ìrọ̀lẹ́: 60.

Oòrùn mú ganrínganrín. Oníbàárà kan wọ ṣọ́ọ̀bù, ó kí mi, ó wá ní, "Fọ́máànù ńkọ́? Òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ nípa wíńdò mi." Mo nawọ́ sí Fọ́máànù, ọmọ iṣẹ́ mi àgbà. Ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń di òòlù mú. Ó ń bá oníbàárà náà sọ̀rọ̀, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Bí èmi ṣe máa ń dúró ló ń dúró yẹn.

Ọjọ́rú, ogúnjọ́

Àárọ̀: 61.

Òjò. Tíṣà yá agbòjò ìyàwó mi lọ sójà. Ó dá a padà pẹ̀lú ọsàn mẹ́rin. Mi ò jẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún

Àárọ̀: 62. Ìrọ̀lẹ́: (òfìfo)

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo gun àtẹ̀gùn láàárọ̀ yìí kí n tó rí 62. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń tó tẹ́lẹ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù, mo ní èmi fúnra mi ni màá jó ìdè òkè géètì ilé ìkẹ́rùsí náà, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ẹrù rẹ̀ rọ̀ sí. Mo fa ìbojú wálẹ̀, mo fi ọ̀pá kan irin, iná sọ. Mo ń jó o lọ, ó ń dán bọ̀. Ni díńgí ìbojú mi bá ń ṣókùnkùn sí i. Mo rò pé èéfín ló bò ó. Mo fẹ́ fi apá ẹ̀wù mi nù ún. Ó tún ṣókùnkùn sí i. Mo ń bínú sí ẹni tó ta díńgí náà fún mi.

Ìgbà tí mo lajú, ilẹ̀ ni mo wà, Fọ́máànù ń fi páálí fẹ́ mi.

"Ọ̀gá, ẹ ṣubú."

"Mi ò ṣubú. Mo jókòó ni."

"Ẹ fi etí jókòó?"

"Díńgí yẹn ni kò dáa."

Ó gbé ìbojú náà sójú, ó wo oòrùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀. "Díńgí yìí ò ṣe nǹkan kan, Ọ̀gá. Ojú yín ló lọ."

Mo ní kó má sọ fún Ìyá wọn. Ó ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti ń jẹ oúnjẹ Màmá, mi ò purọ́ fún wọn rí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ torí yín ni màá fi bẹ̀rẹ̀." Ó wọ ìbọ̀wọ́ mi, ó parí ìdè náà. Mo sún mọ́ ọn, mo wò ó fínnífínní, mo wá ibi tí màá ti bá a wí. Mi ò rí. Inú mi ìbá dùn ká ní mo rí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàlélógún

Fọ́máànù ti sọ.

Ìyàwó mi jẹ́ kí n jẹun tán. Ó kó abọ́, ó nu tábìlì, ó jókòó.

"Bàbá wọn, ẹ mú ìwé òǹkà yín wá."

Mo mú un wá. Òun náà mú ìwé kan jáde lábẹ́ ìró rẹ̀, irú èyí tí àwọn ọmọ fi ń ṣe ìṣirò. Ó ṣí i. Àmì báírò rẹ̀ gbọ̀n bí ẹni tó kọ̀wé nínú mọ́tò. Aago márùn-ún, 36. Aago márùn-ún, 35. Aago márùn-ún, 38. Aago márùn-ún, 36. Bẹ́ẹ̀ ló lọ láti ọjọ́ kẹrìnlá, kò fo ọjọ́ kan.

"Ìwé kí nìyí?"

"Tèmi."

"Ta ló ní kó o kọ ọ́?"

"Ẹ̀rù."

Mo ṣí ojú ewé rẹ̀ kejì.

"Ẹ máa ń sùn fọnfọn láago márùn-ún," ló wí. "Ìgbà yẹn ni mo máa ń di ọwọ́ yín mú. Màá ka ọ̀kan. Màá dúró. Màá dúró. Màá ní ó ti parí nìyẹn. Kí èkejì tó dé. Bàbá wọn, ṣé ẹ mọ bí ààrin ọ̀kan sí èkejì yẹn ṣe gùn tó?"

"Kí ló dé tí o fi lọ di ti Tíṣà mú?"

"Torí tirẹ̀ rọrùn ún rí! Mo ní láti mọ bó ṣe máa ń rí lábẹ́ ìka kí n tó lè wá tiyín." Ó ti ìwé mi padà sọ́dọ̀ mi. "Tíṣà ní òun ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀. Ó rò pé ẹ̀ ń yẹ irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò ni. Èmi ni mo ní kó má bi yín."

Àwọn méjèèjì ti jọ mọ̀. Wọ́n ti jọ jókòó, wọ́n ti jọ sọ ọ́, wọ́n ti jọ panu mọ́. Ìyẹn ló dùn mí ju ṣíṣubú lọ. Mo sọ fún un pé ìwé tèmi ni nọ́ọ̀sì ní kí n mú lọ, òun ni màá sì mú lọ. Ó ní òun náà máa mú tòun. Mo ní kó máa mú un lọ.

Tirẹ̀ rọrùn ún rí.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àárọ̀: 60.

Irọ́ ni. Mi ò gun àtẹ̀gùn. Mo jí, mo dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́, mo kà á bí nọ́ọ̀sì ṣe wí. 37. Ọgọ́ta tó wà lókè yìí, ọwọ́ mi ló kọ ọ́ kí n tó mọ̀.

Ìyàwó mi sọ òótọ́ nípa ààrin ọ̀kan sí èkejì. Ó gùn. Mo rí àyè rántí orúkọ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ láàrin rẹ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo mú ọ̀pá wẹ́dà lọ́wọ́, mo gbé e kalẹ̀. Kí ni wọ́n máa pè mí tí mi ò bá jó irin mọ́? Bàbá Onírin tó ń wòran?

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Àárọ̀: 60.

A ń palẹ̀ mọ́. Síńgílẹ́ẹ̀tì funfun kan, ṣẹ́ẹ̀tì tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò le, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn orúnkún, lẹ́tà ọsibítù, ìbéèrè mẹ́jọ, ìwé òǹkà mi. Ìwé tirẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà funfun àti táì. Ó ní tí a bá fẹ́, òun lè tẹ̀ lé wa lọ́la kí dókítà má baà sọ ohun tí kò ní yé wa.

Ìyàwó mi là ẹnu. Mo yára jù ú lọ.

"Ẹ ṣé o, Tíṣà. Mo ní ẹnu. Ìyàwó mi ní etí. Ó tó wa."

Ó ní kò burú, ó ní Ọlọ́run á tì wá lẹ́yìn. Ó tún wá yíjú sí i, ó ní, "Ìyá wa, ẹ má gbàgbé nǹkan tí mo sọ nípa aago o." Kí ló sọ nípa aago? Mo bi ìyàwó mi. Ó ní kò kàn mí. Ó ń rẹ́rìn-ín. Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la!

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

A dé ọsibítù ní aago méje. Aago mọ́kànlá ni wọ́n pè wá. Àga wọn jẹ́ onírin, ìjó rẹ̀ kò dáa, mo fi han ìyàwó mi. Ó ní kí n jókòó.

Wọ́n lẹ okùn mọ́ mi láyà, lọ́wọ́, lẹ́sẹ̀, bébà kan ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ wéréwéré. Dókítà náà obìnrin ni, kò ju àkọ́bí wa lọ. Mo dúpẹ́ pé kì í ṣe ọkùnrin, torí ìyàwó mi ti ń wò ó bó ṣe máa ń wo àwọn tó mọ̀wé.

Ó wo bébà náà pẹ́. "46 lèyí wí, Bàbá. Ẹni tó bá ti ń gbé nǹkan tó wúwo láti kékeré lè ní 46, kí ara rẹ̀ sì le koko. Bébà yìí nìkan kò tó mi. Ohun tí ọkàn yín ń ṣe nílé ni mo fẹ́ mọ̀. Ṣé ẹ kọ ọ́ sílẹ̀?"

Mo gbé ìwé òǹkà mi kalẹ̀. Ìyàwó mi gbé tirẹ̀ kalẹ̀.

Dókítà ṣí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ń wo èyí, ó ń wo ìyẹn, bí ẹni tó fẹ́ ra aṣọ.

"Ọkàn kan náà ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni," ìyàwó mi wí.

"Ó dáa. Tó bá jẹ́ èyí ló jẹ́ òótọ́," ó fọwọ́ kan tèmi, "màá ní kẹ́ ẹ máa lọ sílé, ká tún rí ara wa lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Tó bá jẹ́ ìyẹn, mi ò ní fẹ́ kó pẹ́ rárá kí n tó fi ẹ̀rọ sí i. Bàbá, ọ̀kan ṣoṣo ni mo lè fi tọ́jú yín. Èwo ni kí n kà?"

Ìyàwó mi lè sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Mo bi Dókítà ní ìbéèrè karùn-ún. Ó ní, "Rárá, Bàbá. Ẹ ò ní fọwọ́ ara yín jó irin mọ́. Ẹ lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán kẹ́ ẹ máa júwe fún wọn."

Kí n máa júwe. Mo fẹ́ sọ pé ìwé tèmi ni kó kà. Ó ti dé ètè mi. Oṣù mẹ́fà, kí n jó géètì mìíràn, bóyá mẹ́wàá.

Nígbà náà ni mo wá rò ó. Ká ní ojú mi ṣókùnkùn lórí àtẹ̀gùn ní kùtùkùtù, tí mi ò sì lajú mọ́. Ta ló wà lókè àtẹ̀gùn yẹn? Ta ló máa kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú bàtà funfun? Ta ló máa ka gbogbo ìwé tó bá ti ọsibítù wá fún ìyàwó mi, tó máa jókòó sórí àga mi, tó máa mu omi tútù nínú ife gíláàsì, tó máa ní, "Ẹ rọra, Ìyá wa, ẹ rọra"? Ọkàn méjìléláàádọ́rin rẹ̀ á máa lù lọ ní tirẹ̀, fáfá, fáfá. Obìnrin tó ń jí láago márùn-ún nítorí mi fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, aago márùn-ún rẹ̀ á wá ṣófo, ẹlòmíràn á bá a dí i.

Kò lè ṣẹlẹ̀. Irin ni kí Fọ́máànù gbà. Kò sẹ́ni tó máa gba ìyẹn.

Mo ní, "Tìyàwó mi ni kẹ́ ẹ kà, Dókítà. Àtẹ̀gùn ni mo fi kọ tèmi."

Kò yé e. Mo là á yé e. Mo sọ ti iye ìgbà tí mo ń gùn ún, mo sọ ti díńgí tó ṣókùnkùn, mo sọ pé mo fi etí jókòó. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ìwé mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa ti ìyàwó mi mọ́ra, ó ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣiṣẹ́ gan-an." Ọjọ́rú tó ń bọ̀ ni wọ́n máa fi ẹ̀rọ náà sí i. Mo buwọ́ lu ìwé àṣẹ rẹ̀.

Nínú takisí, ìyàwó mi wo òde títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé. Ó wá ní, "Kí ló mú yín sọ òótọ́?"

Mo ní, "Dókítà náà ló lójú bí ẹni tó ti mọ̀."

Mi ò lè sọ ìyókù fún un láéláé. Ó wà nínú ìwé yìí, ìwé yìí sì máa wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọgbọ̀njọ́

Tíṣà wá kí wa. Mo fún un ní àga. Kì í ṣe tèmi.

Ní aago márùn-ún òwúrọ̀ yìí, mo jí ṣáájú ìyàwó mi. Mo gbọ́ bó ṣe yí padà, bó ṣe fọwọ́ wá báírò rẹ̀ nínú òkùnkùn. Mo dijú. Mo ń mí bí ẹni tó sùn. Ó fa ọwọ́ mi mọ́ra, ìka méjì, ó rọra. Ó kà á títí. Mi ò mira.

Ó kọ ọ́ sínú tirẹ̀. Nígbà tó lọ wẹ̀, mo ṣí i, mo wò ó, mo kọ ọ́ síbí.

Àárọ̀: 37.